Bí Aṣọ Ọ̀dọ̀fin Ṣe Tú Títí Dé Ààfin

Ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà Òkè-Òwú máa sọ pé, "Ahunṣọ là á kọ́kọ́ kí, ká tó béèrè aṣọ"? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní nítorí pé ìkíni dára ni, pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ó bá ṣe ti ẹ̀kọ́ ilé nìkan ni, kí ló dé tí wọn kò fi alágbẹ̀dẹ pa á lówe, tàbí amọ̀kòkò? Ìdí tó fi jẹ́ ahunṣọ ni pé ọkùnrin pàtàkì kan, onírùngbọ̀n, ti dúró rí níwájú ọba láìsí aṣọ nídìí rẹ̀, nítorí pé kò kí obìnrin kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Obìnrin náà ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Kíjìpá ló ń hun, aṣọ òwú tó nípọn, tí àwọn ará Òkè-Òwú fi ń ṣe ohun gbogbo: wọ́n ń fi pọn ọmọ, wọ́n ń fi bora, wọ́n ń fi jẹ oyè, wọ́n sì ń fi sin òkú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ran òwú rẹ̀, òun ló ń gún ewé ẹlú, òun ló ń rẹ aró. Ó máa ń fi okùn di òwú ní ibì kan, ibì kan, kí ó tó rì í bọ inú ìkòkò aró, kí aró má bàa dé ibi tó dì. Nígbà tó bá wá hun ún tán, ẹ ó rí àwọn ẹyẹ funfun kéékèèké tí wọ́n tò lórí aṣọ dúdú bí ìgbà tí lékeléke bà sí oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí.

Ẹ ní láti mọ bí òfì obìnrin ṣe rí. Kì í ṣe èyí tí àwọn ọkùnrin ń nà gbọọrọ síta gbangba, tí ẹni tó ń kọjá á fi rí wọn, tí wọ́n á jọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ara ògiri ni wọ́n ń gbé ti obìnrin tì, ó máa ń dúró ṣánṣán bí ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń hun ún á kọjú sí ògiri, á kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ Àwẹ̀ró wà láyé, òfì méjì ló wà nínú yàrá náà, ọ̀kan ní ògiri ọ̀tún, ọ̀kan ní ògiri òsì. Fátúnkẹ́ ìyálé rẹ̀ ló ń hun tọ̀tún. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn méjèèjì fi kọ̀yìn síra wọn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń jà, tí wọ́n ń parí ìjà, tí ẹnì kankan kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ọkọ kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí lọ sílé ọkọ ní ìlú tó jìnnà, ọdún iṣu nìkan ló ń gbé e wálé. Nígbà tó yá, Fátúnkẹ́ náà kú. Ní ọjọ́ kẹtàlá tí wọ́n sin ín, Àwẹ̀ró ń hunṣọ lọ, ó ní, "Ìyálé, ẹ wo bí aró yìí ṣe mú!" Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dúró. Ó wá rántí. Ó gbá òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ti dákẹ́. Ó gbìyànjú láti máa bá ewúrẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ náà gbọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó kó lọ sí agbo ilé kejì.

Ẹ ó ní, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún un ńkọ́? Wọ́n ń wá. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, wọ́n á ní, "Aṣọ mi dà?"

Ẹ̀yìn Àwẹ̀ró nìkan ni wọ́n ń rí. Á ní, "Ó ku díẹ̀. Ṣé àlàáfíà ni ilé—"

Kí ó tó yíjú padà, wọ́n á ti lọ.

Nígbà tí aṣọ bá sì tán, wọ́n á gbé e, ó parí. Iṣẹ́ Àwẹ̀ró kò ní àbùkù, ohun tó sì kó bá a nìyẹn. Aṣọ tó bá hun fún ọ á lo ogún ọdún lára rẹ láìya, ìwọ náà kò sì ní í dé ilé rẹ̀ fún ogún ọdún.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ògúnṣakin, àgbẹ̀ oníṣu tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń pe ará òkè odò. Àwẹ̀ró hunṣọ ìbora fún un. Bóyá ojú ló ń ro ó lọ́jọ́ náà ni o, bóyá ọkàn rẹ̀ ló lọ síbòmíràn, n kò mọ̀, ó fo òwú kan láàárín aṣọ. Ògúnṣakin gbé aṣọ délé, ó nà án, ó na ẹsẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì yọ síta. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó ti dé.

"Ìyá Aláṣọ! Kí lèyí? Ihò ni mo ní kí ẹ hun fún mi ni?"

Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́. Ó gbé àpótí fún un. Ògúnṣakin jókòó kí ó lè ráyè bínú dáadáa. Ó sọ ti ihò náà títí ó fi tán nínú rẹ̀. Ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àna rẹ̀ tó ń fi ojoojúmọ́ ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá báwọn kọ ebè. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sórí orúnkún tó ń ro ó. Àwẹ̀ró se iṣu fún un, ó jẹ ẹ́, ó ní iyọ̀ kò tó, ó tún jẹ sí i. Ọ̀sán ti pọ́n kí ó tó dìde. Nígbà tó lọ tán, ohùn rẹ̀ ṣì ń dún nínú àjà fún ìgbà díẹ̀.

Àwẹ̀ró dúró láàárín ilé, ó ní, "Háà. Ihò ló mú un wá."

Aṣọ tó tẹ̀ lé e, ó mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò sí i ni.

Ẹ má bú u. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán. Ó ń wo ojú ẹni tó gbé iṣẹ́ wá kí ó tó dá àrà. Ẹni tó bá lẹ́nu, ihò kékeré ti tó o. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ihò ńlá. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbíláyọ̀, Àwẹ̀ró hun ọ̀já ìpọnmọ fún un tó fẹ̀ ní ìhà kan tó sì tín-ín-rín ní ìhà kejì, bí ó bá ti pọn ọmọ, ọmọ á máa yọ́ lọ sí abẹ́ apá rẹ̀ bí iṣu inú apẹ̀rẹ̀ tó ya. Ó wá jà fún odidi ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró sì gbádùn rẹ̀ gan-an. Ọkùnrin kan tún wà, Adégún, tí wọ́n ń sọ pé gbólóhùn méjì ni ó ń sọ lọ́dún. Ihò mẹ́ta ni Àwẹ̀ró dá sí tirẹ̀. Adégún wá, ó jókòó, ó ki ìka bọ ọ̀kan nínú wọn, ó ní, "Ihò." Ó dákẹ́ títí oòrùn fi wọ̀. Inú Àwẹ̀ró dùn bẹ́ẹ̀ náà. Ó ní ẹni tó dákẹ́ sàn ju ẹni tí kò sí lọ.

Kí oṣù mélòó kan tó pé, àwọn tó ń bínú ti kún ilé Àwẹ̀ró. Wọ́n ń gbé ìjókòó wá láti ilé. Wọ́n ń fi ihò wéra. Ṣùgbọ́n Ìbíláyọ̀ ní ojú. Ó ṣàkíyèsí pé bí ẹnì kan bá ti ń pariwo mọ́ Àwẹ̀ró, ṣe ni ojú ìyá náà ń tàn sí i. Lọ́jọ́ kan ó dìde láàárín wọn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin yìí ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni! Ó fẹ́ kí á máa padà wá jókòó tì í ni!"

Gbogbo wọn wo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró wo ilẹ̀.

Wọ́n gbé ìjókòó wọn, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà, wọ́n fẹnu kò pé bí Ìyá Aláṣọ bá pe ẹnikẹ́ni, kó má ṣe dúró. Ẹni tó bá gba aṣọ tó ní ihò lọ́wọ́ rẹ̀, kó rán an fúnra rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tó wá bo ilé náà lẹ́yìn èyí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ti àkọ́kọ́, ikú ló fà á. Èyí, àwọn alààyè ni.

Àsìkò náà ni oyè Ọ̀dọ̀fin ṣófo, tí wọ́n sì mú Adélusì láti jẹ ẹ́. Ọkùnrin gíga ni, ó sanra, ó sì ń kánjú jù. Lórí ìdúró ló ti ń jẹun. Àṣà ìlú náà ni pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ Ọ̀dọ̀fin gbọ́dọ̀ ró kíjìpá tuntun kan láti ilé rẹ̀ lọ sí ààfin, kò sì gbọdọ̀ wọ ohun mìíràn sí abẹ́ rẹ̀ ju bàǹtẹ́ lọ. Kò sì sí ẹlòmíràn tó lè hun irú kíjìpá bẹ́ẹ̀ àfi Àwẹ̀ró.

Nígbà tí iṣẹ́ náà dé ọwọ́ rẹ̀, ó sunkún. Ó ní, "Èyí ni n ó fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìlú." Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe é. Aró mẹ́rin ló lò, láti orí èyí tó mọ́ bí ojú ọ̀run àárọ̀ dé orí èyí tó dúdú bí ìsàlẹ̀ kànga. Kò sí ihò kan ṣoṣo níbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, Adélusì á yọ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Aṣọ dà?" Á sì lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ ìwúyè mọ́. Àwẹ̀ró ti gé aṣọ kúrò lórí òfì. Ohun tó kù ni kí ó di etí rẹ̀. Òwú kan ṣoṣo tó ń lọ tó ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ títí dé òpin rẹ̀, orí òwú náà ṣì wà ní síso mọ́ igi òfì. Ó ń wá ibi tó fi ọ̀bẹ sí lọ́wọ́ nígbà tí Adélusì wọlé pẹ̀lú bàǹtẹ́ nídìí, tí àwọn onífèrè àti alágogo dúró dè é níta.

"Aṣọ mi dà?"

"Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀dọ̀fin. Ẹ jókòó díẹ̀, ó ku—"

"N kò ráyè ìjókòó! Gbogbo ìlú ló mọ ìwà rẹ."

Ó fa aṣọ gbà, ó ró o, ó jù ú sí èjìká, ó jáde lọ.

Àwẹ̀ró yíjú, ó sì rí òwú aláró kan tó ń nà láti orí igi òfì kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó ń gbọ̀n pẹ́pẹ́.

"Yéè!"

Ó já òwú náà kúrò lára igi, ó gbá tẹ̀ lé e, ó ń ká a mọ́ apá bó ṣe ń sáré. "Ọ̀dọ̀fin! Ẹ dúró! Aṣọ yín ń tú!" Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí kò ti lo ohùn rẹ̀ dáadáa. Ohun tó jáde kò ju ti adìyẹ tí ọ̀fun ń ro lọ. Ìbíláyọ̀ tó wà láàárín èrò gbọ́ ọ díẹ̀, ó sì kígbe sí Adélusì pé, "Ẹ má wẹ̀yìn o! Ó fẹ́ kí ẹ padà wá jókòó ni!"

Adélusì yára sí i. Bó ṣe ń yára ni aṣọ ń tú. Bí fèrè bá dùn mọ́ ọn, á fò sókè, á pòyì lẹ́ẹ̀mẹta, aṣọ á sì tún fi ìwọ̀n apá kan kúrú. Òwú náà rọ̀ mọ́ igi oróǹbó, ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ obìnrin kan tó ru omi, ìkòkò fọ́, àgbò kan sì wé e mọ́ ìwo, ó di ẹni tó ń tẹ̀ lé olóyè lọ sí ààfin láìpè é. Gbogbo rẹ̀ ni Àwẹ̀ró ń tú, tó ń ká.

Nígbà tí wọ́n dé oríta, aṣọ ti fi orúnkún sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ igi àràbà, ó ti fi itan sílẹ̀. Adélusì gbọ́ pé atẹ́gùn ń fẹ́ sí òun lára ní ibi tí kò ti máa ń fẹ́. Ó ní, "Ẹ ò rí i bí oyè ṣe ń tu ni lára!" Àwọn èèyàn ní ìhà ọ̀tún àti òsì sì ń tẹ̀ ba, wọ́n di inú mú fún ẹ̀rín, àwọn mìíràn ti wólẹ̀ pátápátá. Adélusì rò pé òun ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún. Ó ń juwọ́ sí wọn pé, "Ẹ dìde, ẹ dìde, ó ti tó."

Ó wọ ààfin. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Olókè, ọba ìlú, ó sì kọ ìdí sí gbogbo àgbà tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn olorì fi ọwọ́ bojú, wọ́n sì ń wò ó láàárín ìka.

Ọba wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wá ní, "Adélusì, àwọn olè tó bọ́ aṣọ lára rẹ yìí tó mélòó?"

Ìgbà yẹn ni Adélusì tó wo ara rẹ̀. Yàtọ̀ sí bàǹtẹ́, ohun tó kù lára rẹ̀ ni ègé aṣọ kan lórí èjìká tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹyẹ funfun kan sì wà lórí rẹ̀. Òwú kan so mọ́ ọn, ó gba ẹnu ọ̀nà ààfin jáde. Òwú náà ń mì, ó ń mì, títí Àwẹ̀ró fi wọlé, òwú ti kún apá rẹ̀ bí ìkòkò aró, àgbò sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Kábíyèsí!" Adélusì ti di bí ẹni tó fẹ́ rì wọlẹ̀. "Obìnrin yìí ló pa mí! Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyí! Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n sí oníhò!"

Ọba ní, "Mo ti gbọ́. Nígbà tí o dé ilé rẹ̀ láàárọ̀ yìí, báwo ni o ṣe kí i?"

"Mo ní, 'Aṣọ mi dà?'"

"Mo ní báwo ni o ṣe kí i."

Adélusì fi ọwọ́ fa bàǹtẹ́ rẹ̀ wálẹ̀.

"Òun ńkọ́, kí ló sọ?"

"Ó ní... ó ní kí n jókòó díẹ̀, pé ó ku. N kò dúró gbọ́ ohun tó kù, Kábíyèsí."

"Ohun tó kù nìyẹn," ni ọba wí, ó sì nawọ́ sí ìdí Adélusì. Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́. Nígbà tó rọlẹ̀, ọba kọjú sí àwọn èèyàn, ó ní, "Kí ni orúkọ ìyá yìí?"

"Ìyá Aláṣọ," ni wọ́n wí.

"Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo ní kí ni wọ́n sọ ọ́."

Wọ́n wo ara wọn lójú. Ìbíláyọ̀ la ẹnu, ó tún pa á dé. Ògúnṣakin tó jẹ iṣu rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò sí aṣọ kan tó bo ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí kò gba ọwọ́ obìnrin náà kọjá, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró ni mò ń jẹ́," ó wí jẹ́jẹ́. "Kábíyèsí, n kò ní purọ́. Àwọn ihò ti tẹ́lẹ̀, èmi ni mo dá wọn. Aṣọ tí kò ní ihò, olówó rẹ̀ kì í padà wá. Ṣùgbọ́n ti òní kọ́. Ti òní, mo fi gbogbo agbára mi hun ún ni. Mo sì ń pè wọ́n."

Ẹnì kankan kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọba ní òwú kò sọnù, nítorí náà kí Àwẹ̀ró tún aṣọ náà hun. Ó ní Adélusì kò ní jẹ oyè títí aṣọ yóò fi tán, àti pé kó máa lọ jókòó nínú yàrá òfì lójoojúmọ́, kó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń di etí aṣọ, kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń dì í.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni Adélusì fi jókòó. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ń bínú. Ní ọjọ́ kẹta, Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tó ti ń kó jọ láti ìgbà tí ìyálé rẹ̀ ti kú sì ń tú jáde. Adélusì sùn, ó jí, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ní ọjọ́ keje, ó béèrè bí ìtàn kan ṣe parí. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó ń bá a ká òwú. Nígbà tí wọ́n di etí aṣọ tán, ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kókó rẹ̀ wò yí ká. Ó ró o, ó dọ̀bálẹ̀ fún Àwẹ̀ró, ó sì lọ jẹ oyè rẹ̀. Kò sáré rárá lọ́nà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró jókòó sídìí òfì, ó kọjú sí ògiri. Ilé dákẹ́. Kò tíì gbá òwú ẹ̀ẹ̀kan mọ́ra tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn. "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Àwẹ̀ró. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Kò tíì dáhùn tán, ẹlòmíràn dé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ tú lójú ọ̀nà. Ọkọ ìyàwó kan wá kí i, ó ní kó bá òun kí ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ọkọ àti àna rẹ̀, ó kí òfì, ó sì kí ògiri tí òfì fara tì. Àwẹ̀ró ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí n ráyè hun aṣọ ọ̀hún!" Àwọn kan ń kí i nítorí ìfẹ́. Èyí tó pọ̀ jù ń kí i nítorí ìbẹ̀rù ìhòòhò. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn láti orí bí wọ́n ṣe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó dá gbogbo wọn lóhùn.

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé nìkan? Kò sí òwe tí kò ní ìdí. Ti àwọn ará Òkè-Òwú, ìdí Adélusì ni, gbogbo ìlú ló sì rí i ní ojú oòrùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń di aṣọ wọn mú kí wọ́n tó sọ pé: ahunṣọ là á kọ́kọ́ kí, ká tó béèrè aṣọ.